Sáfà ìjábọ̀ dákẹ́ láàárọ̀: èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ọjọ́ tí oṣù parí. Ẹ̀ka ìṣúná ń pè, ẹ̀ka ọjà ń pè. Ẹnì kan ní nọ́ńbà 503 lòun ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíì ní ojú ewé ìjábọ̀ ṣí, àmọ́ òbìrìkìtì kékeré yẹn ń yí, ó ń yí, ìjábọ̀ ò dé. Ẹni kẹta ní kò sóhun tó ṣe tòun, àfi pé ìwé tó máa ń bá nínú í-meèlì láràárọ̀ kò wọlé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pariwo pé "ìjábọ̀ ti bàjẹ́", bẹ́ẹ̀ àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ròyìn.

SQL Server Reporting Services, SSRS lẹ́nu àwọn tó ń lò ó, ìyẹn sáfà Microsoft tó ń mú dátà láti inú dátábéèsì sọ di ìjábọ̀, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Ó ti wà láti 2004, ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́, òun náà sì ni mo ti fọwọ́ ara mi gbé dìde jù. Lọ́jọ́ tó bá dákẹ́, ọ̀nà márùn-ún ló sábà máa ń wà níwájú ẹni tó ń bójú tó o: kó pa á kó tún un tan, kó ka àwọn fáìlì log (ibi tí sáfà ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sí), kó wo ExecutionLog3 (àkọsílẹ̀ àwọn ìjábọ̀ tó ti lọ), kó tún un gbé kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn, tàbí kó ti ní ju sáfà kan lọ nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Kò séyìí tó burú nínú wọn. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà téèyàn bá mú èyí tí kò bá àìsàn mu.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Mẹ́rin ni. Èkíní, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà kí àwọn èèyàn tó rí ìjábọ̀ wọn? Èkejì, tí iṣẹ́ bá ti padà tán, ṣé a óò mọ ohun tó fà á? Ẹ̀kẹta, èló ni, yálà owó láísẹ́ńsì, owó ẹ̀rọ tàbí wákàtí òṣìṣẹ́? Ẹ̀kẹrin, ta ló láṣẹ láti ṣe é? Ó wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹni tó bá lè wọ orí sáfà fúnra rẹ̀ nìkan ló lè dán an wò, ó sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ láti ka dátábéèsì ti tó.

Ìlọ́po méjì ni mo máa ń fún èkejì. Ìdí rẹ̀ ni pé sáfà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsẹ́ni tó mọ̀dí tó fi kọ́kọ́ dákẹ́, yóò tún dákẹ́, kì í sì í mú àkókò tó rọrùn.

Kẹ́ ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ mọ ibi tó ti há

Ìjábọ̀ kan máa ń gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá kó tó dé ojú ẹni tó béèrè rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni sáfà ìjábọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dátábéèsì tí sáfà yẹn fi ń tọ́jú ilé ara rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ ReportServer, pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ ReportServerTempDB. Ìkẹta ni dátábéèsì tí àwọn nọ́ńbà inú ìjábọ̀ ti ń wá. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè há, ohun tí olùlò máa rí kò sì ní jọra.

Mo ní ìjábọ̀ kan tí mo máa ń gbé sórí gbogbo sáfà tí mo bá ń tọ́jú: ojú ewé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀, kò kan dátábéèsì kankan. Tí ìjábọ̀ òfìfo yìí bá ṣí, sáfà wà láàyè, ReportServer náà sì wà láàyè; ẹ lọ wo ibi tí dátà ti ń wá, pàápàá tí àwọn ìjábọ̀ yòókù bá ń gbé rsErrorOpeningConnection jáde. Tí ojú ewé bá ṣí àmọ́ tó kọ rsReportServerDatabaseUnavailable, dátábéèsì ilé rẹ̀ ni kò dáhùn. Tó bá jẹ́ 503 lẹ ń rí, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé sáfà ìjábọ̀ gan-an ni kò ṣiṣẹ́. Tó bá sì ṣí láti orí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn tó wà níta ò rí i, ẹ wo ìwé ẹ̀rí HTTPS bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti pé, kẹ́ ẹ tún wo ògiri iná nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ti ẹni kẹta yẹn, ẹni tí í-meèlì rẹ̀ kò wọlé, SQL Server Agent ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Òun ló ń ta àwọn ìjábọ̀ tó ń fúnra wọn lọ jí nígbà tí aago bá pé. Bó bá ti dúró, gbogbo nǹkan yòókù máa ń dà bíi pé ara wọn le.

Àyẹ̀wò yìí kì í gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan.

Kí a pa á, kí a tún un tan

Ẹ jẹ́ ká má tanra wa, òun ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń sáré sí. Kò náni lówó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, alábòójútó ẹ̀rọ èyíkéyìí ló sì lè ṣe é. Láti ẹ̀dà 2017, orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn iṣẹ́ Windows ni SQLServerReportingServices. Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá jí máa ń lọ́ra, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Ó ń wo àìsàn kan sàn dáadáa: sáfà tí mémórì rẹ̀ ti kún. Ẹnì kan béèrè ìjábọ̀ ọdún mẹ́wàá ní Excel, gbogbo rẹ̀ wọ mémórì, àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́yìn rẹ̀. SSRS ní ààlà tirẹ̀ fún irú èyí nínú fáìlì rsreportserver.config: MemorySafetyMargin wà ní 80, MemoryThreshold wà ní 90, ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń kà á. Tó bá ti kọjá èyí kejì, kì í gba ìbéèrè tuntun mọ́. Pípa á àti títún un tan máa ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń bá a lọ. Gbogbo ìjábọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ ló máa kú, títí kan ti ẹni tó ti dúró de tirẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ohun tó wà nínú mémórì, tí ì bá sọ ẹni tó jẹ̀bi fún wa, á pòórá. Àwọn fáìlì log kò ní sọnù, nítorí pé tuntun ló máa ṣí, á fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló lọ. Tó bá sì jẹ́ dátábéèsì tó ń fún un ní dátà ló dákú, ẹ lè pa á kẹ́ ẹ tún un tan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. SSRS fúnra rẹ̀ máa ń tún inú ara rẹ̀ dá ní ìṣẹ́jú 720 sí 720, ìyẹn wákàtí méjìlá, àyàfi tí ẹnì kan bá ti yí RecycleTime padà. Nítorí náà, sáfà tó ń fẹ́ kí wọ́n pa òun kí wọ́n tún òun tan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nǹkan míì tó kọjá mémórì tó dọ̀tí.

Tẹ́ ẹ bá máa gba ọ̀nà yìí, ẹ kọ́kọ́ ṣí àpò Jobs nínú Management Studio, ohun èlò tí wọ́n fi ń bójú tó SQL Server, kẹ́ ẹ ya àwòrán ohun tó ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún ya ti mémórì. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Kí a ka fáìlì log

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù rèé, ó sì tún ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ ṣe, torí pé ó gùn, kò sì lẹ́wà lójú. Lórí ẹ̀dà 2017 sókè, ẹ wá a lábẹ́ Program Files, nínú àpò Microsoft SQL Server Reporting Services, kẹ́ ẹ lọ sí SSRS, lẹ́yìn náà LogFiles. Orúkọ àwọn fáìlì náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ReportServerService. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ọjọ́ 14 ló ń tọ́jú wọn, nítorí náà ẹ má fi àyẹ̀wò ti oṣù yìí sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n máa ń lọ sísàlẹ̀ fáìlì, wọ́n á mú àṣìṣe tó kẹ́yìn, wọ́n á ní òun ni. Èyí tó kẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ gbohùngbohùn. Ẹ wá àkọ́kọ́ tó yọjú lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń lọ déédéé. Tẹ́ ẹ bá rí rsReportServerDisabled, sáfà kò lè ṣí àwọn àṣírí tó fi pamọ́ mọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ní ìṣòro. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn fáìlì tó ń jẹ́ SQLDumpr lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ńṣe ló ṣubú lójijì. Ẹ̀dà ìdánwò náà ní tirẹ̀: ọjọ́ 180 ló ní, lẹ́yìn ìyẹn, ó di pé kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbàgbé pé ẹ̀dà ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ gidi.

Ẹ má gbàgbé Event Viewer, ibi tí Windows fúnra rẹ̀ ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, pẹ̀lú, nítorí pé sáfà tí kò tíì jí kò lè kọ log kankan. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n yí páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì tí sáfà ìjábọ̀ ń lò padà ní ọjọ́ Ẹtì, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Sáfà ń bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, torí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìjábọ̀ kan ń lọ́ra, mo ní kí n pa á kí n tún un tan. Kò jí mọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo tún gbogbo ẹ̀rọ tan, ó ku díẹ̀ kí n sọ pé ká tún un gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà kan nínú Event Viewer, nọ́ńbà 7038, ti ń sọ ọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́ pé páásíwọ́ọ̀dù kò bá a mu. Ohun tó wà láàyè, tó kàn ń lọ́ra, èmi ni mo pa á.

Owó rẹ̀: òdo. Àkókò rẹ̀: ogún ìṣẹ́jú fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, wákàtí méjì fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí. Àṣẹ rẹ̀ ló le, torí pé ẹ gbọ́dọ̀ lè wọ orí ẹ̀rọ náà.

Kí a wo ExecutionLog3

Ojú ìwòye kan ni èyí nínú dátábéèsì ReportServer, tó ń sọ ìtàn gbogbo ìjábọ̀ tó ti lọ, fún ọjọ́ 60 bí wọn ò bá yí i padà. Kò nílò kẹ́ ẹ wọ orí sáfà. Ẹ̀tọ́ láti kà á ti tó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló yẹ atúpalẹ̀ dátà tí wọn ò fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

SELECT TOP 50 ItemPath, UserName, TimeStart, TimeDataRetrieval, TimeProcessing, TimeRendering, Status
FROM ExecutionLog3
ORDER BY TimeStart DESC;

Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta àárín yẹn, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń kà wọ́n, wọ́n sì ń dá ẹjọ́ lọ́nà tó tẹ́ mi lọ́rùn. Tí TimeDataRetrieval bá ga, ìbéèrè SQL ló ń lọ́ra tàbí nǹkan kan ló dì í mú nínú dátábéèsì tó ń fún un ní dátà. Ẹ fi sáfà ìjábọ̀ sílẹ̀. Tí TimeProcessing bá ga, ìṣirò àti ìpín-sí-ẹgbẹ́ inú ìjábọ̀ náà ló wúwo. Tó bá jẹ́ TimeRendering, ẹnì kan ń sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé di PDF tàbí Excel. Ohunkóhun tí kì í ṣe rsSuccess lábẹ́ Status jẹ́ ìjábọ̀ tí kò dé ilé.

Ó ní àléébù méjì. Tí dátábéèsì ReportServer gan-an bá ti dákú, ojú ìwòye yìí bá a lọ nìyẹn. Ìkejì ló máa ń tan èèyàn jẹ: ìgbà tí ìjábọ̀ bá parí ni ìlà rẹ̀ ń wọlé. Èyí tó há lọ́wọ́lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀, èyí tó sì pa sáfà lẹ́nu iṣẹ́ lè má fi orúkọ sílẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń wá apànìyàn nínú ìwé yìí nìkan lè máa mú àwọn tó kàn wà nítòsí.

Nítorí náà, fún ìjábọ̀ tó ń lọ́ra tàbí tó ń kùnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló dára jù nínú gbogbo wọn. Fún sáfà tó ti kú pátápátá, ẹ padà sí log.

Kí a tún un gbé kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn

Ti ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti lọ tàbí tí dísíkì bá ti bàjẹ́ nìyí. Ìdajì ọjọ́ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún un, ẹ má ṣèlérí wákàtí kan fún ẹnikẹ́ni. Láti 2017, SSRS kò sí nínú àpò ìgbékalẹ̀ SQL Server mọ́, ẹ óò gba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Nǹkan méjì ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ yìí máa rọrùn: ẹ̀dà àfipamọ́ dátábéèsì ReportServer, àti fáìlì kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí àwọn àṣírí inú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń rántí ti àkọ́kọ́. Láìsí èkejì, àwọn ìjábọ̀ á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ óò pa gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà tì rẹ́, kẹ́ ẹ wá máa tún páásíwọ́ọ̀dù àti ọ̀nà ìsopọ̀ dátábéèsì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ìsopọ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Pàkúté kan wà lójú ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dá dátábéèsì padà, orúkọ ẹ̀rọ tó kú ṣì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ̀dà yín kì í bá ṣe Enterprise, èyí tó gba lílo ju sáfà kan lọ (scale-out), SSRS á rò pé ẹ fẹ́ lo sáfà méjì, á sì kọ̀ jálẹ̀ láti ṣiṣẹ́, á ní ẹ̀dà yín kò gba scale-out. Ẹ fi rskeymgmt, àṣẹ tí SSRS fi ń bójú tó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti àmì -r yọ ẹ̀rọ àtijọ́ náà kúrò, ó parí.

Sáfà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ

Ọ̀nà tó wọ́n jù. Ó gba láísẹ́ńsì Enterprise, ó gba ohun tí yóò máa pín àwọn olùlò sórí sáfà kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò wá pẹ̀lú SSRS, ó sì gba kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ (machine key) inú àwọn fáìlì ètò wọn bára mu. Tí sáfà kan bá ṣubú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ olùlò ò ní mọ̀ rárá.

Kí n sọ ohun tí àwọn tó ń tà á kì í tètè sọ: gbogbo àwọn sáfà yẹn, dátábéèsì ReportServer kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Tí ìyẹn bá kú, gbogbo wọn kú pa pọ̀. Ẹ óò tún ra ààbò fún òun náà lọ́tọ̀. Tó bá sì jẹ́ Always On, ètò SQL Server tó ń tọ́jú ẹ̀dà dátábéèsì sórí ẹ̀rọ kejì, lẹ lò, àwọn iṣẹ́ inú Agent kì í tẹ̀ lé dátábéèsì lọ sórí ẹ̀rọ kejì. Í-meèlì àárọ̀ á dúró títí ẹ óò fi tún SSRS tan kó lè dá wọn padà.

Ẹ tún wo ọjọ́ iwájú kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ̀dà 2022 ni SSRS tó kẹ́yìn. Láti SQL Server 2025, Power BI Report Server ni Microsoft fi rọ́pò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe ààbò fún SSRS 2022 á máa wá títí di oṣù January 2033.

Fún ọ̀pọ̀ ilé, ohun kan wà tó rọrùn ju èyí lọ tí wọn kì í ronú kàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìjábọ̀ mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì jù máa fúnra wọn kọ PDF sínú àpò àjọlò lóru. Lọ́jọ́ tí gbogbo sáfà bá ṣubú, nọ́ńbà àná ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ̀yin náà á sì rí àyè mí.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó dá nìkan ń bójú tó sáfà kan, tí àwọn olùlò rẹ̀ lè fara da wákàtí kan: log ni kó kọ́kọ́ ṣí, kó tó wá pa á kó tún un tan. Tí mémórì bá kún lóòótọ́, kó ya àwòrán rẹ̀ tán, kó pa á láìbẹ̀rù.

Atúpalẹ̀ dátà tí kò láṣẹ lórí ẹ̀rọ: kó gba ẹ̀tọ́ láti ka ExecutionLog3, kó mọ̀ ọ́n kà. Ìgbà tó bá pe alábòójútó, orúkọ ìjábọ̀ àti nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni kó mú lọ bá a. Á rí ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe máa dá a lóhùn.

Iléeṣẹ́ tí ìjábọ̀ rẹ̀ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ oníbàárà, tí ìdákẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń di owó: sáfà méjì, pẹ̀lú ààbò fún dátábéèsì ReportServer. Tí owó kò bá ká méjèèjì, èmi á kọ́kọ́ dáàbò bo dátábéèsì náà.

Ẹni tí sáfà rẹ̀ ti ń dákẹ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó sì ti mọ́ lára láti máa pa á kó tún un tan: ExecutionLog3 lákọ̀ọ́kọ́, kó to ọjọ́ 60 yẹn ní wákàtí wákàtí, kó wo ìjábọ̀ tó máa ń wà níbẹ̀ kété kí ìlà tó dáwọ́ dúró, kó wá fi log ti àkókò yẹn gbè é lẹ́sẹ̀.

Àti ẹni tí kò dá a lójú bóyá fáìlì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbì kan: kò tíì láǹfààní láti yan ọ̀nà kẹrin. Lórí sáfà, rskeymgmt -e, lẹ́yìn náà -f àti orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà -p àti páásíwọ́ọ̀dù tí yóò rántí. Fáìlì kékeré kan tó parí pẹ̀lú .snk ló máa jáde. Kó gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn lónìí.